Ẹ̀rín Orí Pápá Gọ́ọ̀fù

Bàbá mi jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Bantè, lódìkejì ààlà Nàìjíríà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó jáde síwájú pẹpẹ láìwọ bàtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí gbogbo ìjọ bá òun yọ̀. Ó ní àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun ti pe ọmọ òun pé kó wá bá wọn díje ní ìlú ńlá létí òkun. Ìjọ hó yèè. Wọ́n lu agogo, wọ́n dá orin. Ẹ̀yìn pátápátá ni èmi àti ìyàwó mi jókòó sí, ilẹ̀ ni mo sì ń wò.

Kò sí ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù dáadáa nínú ilé ìjọsìn náà. Lójú bàbá mi, ó dà bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: ẹni tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè láti ọ̀nà jíjìn, a jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n gbá. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ ìdí tí wọ́n fi pè mí.

Nígbà tí mi ò tíì gbéyàwó, mo lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa ti máa ń ṣe. Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa gé koríko lórí pápá gọ́ọ̀fù kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń fi ọ̀pá onírin gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan, tí wọ́n á máa tẹ̀ lé e kiri títí wọ́n á fi gbá a wọ inú ihò. Tí wọ́n bá ti lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, àwa agékoríko náà á gbá tiwa. Ọwọ́ mi kò gbà á rárá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tí kò lóhùn ṣe máa ń fẹ́ràn orin. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wá sílé, mo gbé ọ̀pá àlòkù méjì bọ̀, pẹ̀lú àpò kan tó kún fún bọ́ọ̀lù tí mo ti ṣà nínú igbó.

Aránṣọ ni ìyàwó mi, ẹ̀gbẹ́ ọjà Bantè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí oko kajú bàbá mi lọ́jọ́ kan, ní ọ̀nà Akpassi, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sókè bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe na ọ̀pá, bọ́ọ̀lù náà kọlu igi kajú, ó ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ìyàwó mi kò pa fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Ìṣà, Yorùbá ìlú tiwa, bí àwọn tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò:

“Ó ti lọ kí àna rẹ̀ o! Kò bá wọn nílé! Ẹ yà, ẹ yà lọ́nà, ó ń padà bọ̀ wá bá ẹni tó rán an níṣẹ́!”

Ó fi fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, àwọn èèyàn ti ń tẹ̀ lé wa láti Savalou, láti Cotonou, láti Nàìjíríà, títí dé ìlú òyìnbó. Alájì kan tó ń ta fóònù ní Savalou, tó gbọ́ Yorùbá tó sì gbọ́ Màhí, fún wa ní fóònù tuntun pé ká máa dárúkọ ṣọ́ọ̀bù òun. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀ nígbà náà.

Obìnrin tó pè mí lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso ìdíje, èdè Faransé ló sọ, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ìdíje àwọn mọ́, fídíò àwa tí à ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, àwọn ti ya àyè kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó máa díje, àwọn sì fẹ́ fi èmi sí i.

Mo ní, “Màdáámù, mi ò mọ̀ ọ́n gbá.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “A mọ̀. Bí ẹ ṣe wà gẹ́lẹ́ la fẹ́ kí ẹ wá.”

Mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n pè mí. Mi ò sọ ìyókù fún un.

Èmi àti ìyàwó mi jọ wọkọ̀ lọ ni. Ó ti rán ṣòkòtò funfun kan fún mi àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn sínú ọ̀rá kí eruku má bàa kàn wọ́n. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà pápá, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo káàdì mi, ó ní kí n wọlé. Ó wo ìyàwó mi, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí. Ó ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti ra ẹ̀tọ́ àwòrán, kò sí ẹlòmíràn tó lè ya fídíò lórí pápá.

Ìyàwó mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, nítorí fídíò náà lẹ ṣe pè wá. Ẹ wá ní ká má ya fídíò?”

Ọkùnrin náà ní òfin ni. Ó ní tí ó bá fẹ́, kó wọlé, kó fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyàwó mi kọ̀, torí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà nínú fóònù náà. Ó tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, ó ní kí n máa lọ, ó sì lọ jókòó lábẹ́ igi níta pẹ̀lú àwọn tó ń ta omi.

Ẹni tí wọ́n ní kí èmi àti òun jọ gbá a jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó dàgbà jù mí lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni. Láti kékeré ló ti ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn olówó lórí pápá, kó tó di pé òun náà ń fi gbígbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo kí i. Ó dáhùn, ó wá bi mí pé, “Ṣé o mọ ẹni tó yẹ kó dúró síbi tí o dúró yìí?”

Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n.”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ni. A jọ wá láti pápá kan náà. Àyè kan ló kù, ìwọ ni wọ́n fún. Ó wà nílé rẹ̀ báyìí.” Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Wọ́n pè ọ́ wá kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni èmi wá ṣe. Jọ̀ọ́, má dí mi lọ́wọ́.”

Ó gbá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà, ó balẹ̀ sí àárín koríko bí ẹyẹ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ariwo ńlá sọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, èmi ni wọ́n wá wò. Ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbóòórùn ọṣẹ ara rẹ̀. Mo na ọ̀pá. Atẹ́gùn ni mo gbá. Bọ́ọ̀lù wà níbi tó wà. Mo tún un na, bọ́ọ̀lù fò lọ sápá òsì, ó kan agboòrùn obìnrin kan, agboòrùn bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta wọ inú odò.

Ẹ̀rín wọn kò dà bí ẹ̀rín oko kajú. Nílé, ohùn ìyàwó mi á ti gbá bọ́ọ̀lù náà mú nínú afẹ́fẹ́, á ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Níbí, mo kàn ń gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn mi àti láti ẹ̀gbẹ́ mi, òógùn sì ń sàn lọ sínú ẹ̀wù tí ìyàwó mi lọ̀. Ọkùnrin gíga náà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ojú ọ̀run.

A ń lọ láti ihò dé ihò. Gbogbo ìgbà ló ń dúró dè mí. Níbi ihò kan, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò jìnnà sí ihò rárá, ọmọdé á gbá a wọlé. Àwọn èèyàn kò tíì rẹ́rìn-ín ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù yí ẹnu ihò ká, ó jáde. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó máa gbá ìdíje náà dópin. Ó bọ́ fìlà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí àṣà eré náà ṣe wí. Kò wo ojú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn alákòóso gé gbogbo ibi tí mo ti ṣìṣe pọ̀, wọ́n fi orin ẹlẹ́yà sí i, wọ́n gbé e sí ojú ewé tiwọn. Ìyàwó mi ló fi hàn mí nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀. Àwọn tó wò ó pọ̀ ju àwọn tó wo ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ lọ. Kò sí ohùn ìyàwó mi níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

Alájì pè mí kí a tó dé Savalou. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òun ti gbé tẹlifíṣọ̀n síta níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òun to àga, òun sì ní kí wọ́n lọ fi máṣìnnì alùpùpù gbé bàbá mi wá láti Bantè. Bàbá mi wọ aṣọ funfun rẹ̀ wá, wọ́n sì fi í sí àga iwájú.

Mo ní, “Alájì, ẹ má sọ ọ́ mọ́.”

Ó ní, “Mo pa á nígbà tó yá. Mo ní iná fẹ́ẹ́ lọ. Bàbá kò bínú o. Ó kàn bi mí pé ṣé ara eré náà ni ohun tí ọmọ òun ń ṣe yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Bàbá mi kí wa káàbọ̀ nígbà tí a dé. Ó bi wá bí ọ̀nà ṣe rí, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún wa. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa gọ́ọ̀fù. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú ìjọ, dídákẹ́ wọn sì wúwo lórí mi ju agogo wọn lọ. Ní ìta ni wọn kò dákẹ́. Àwọn sẹ́míjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò lọ sí Atokoligbé, tí wọ́n bá rí mi lójú ọ̀nà, wọ́n á sọ ọwọ́ máṣìnnì sílẹ̀, wọ́n á na ọ̀pá tí kò sí, wọ́n á sì wò yíká bí ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù tó sọnù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko. Mo ti àwọn ọ̀pá náà sábẹ́ ibùsùn. A ká kajú ọdún yẹn láìya fídíò kankan.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin gíga náà pè mí. Mi ò mọ ibi tó ti rí nọ́ńbà mi. Ó ní òun fẹ́ wá kí wa. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí mo fi gun máṣìnnì lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Savalou. Ó dúró láàárín àwọn àpò gààrí, àpò ọ̀pá rẹ̀ wà ní èjìká, àwọn èèyàn ń wò ó bí ọdẹ.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ó sọ. “Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ìyàwó yín náà wà dáadáa?”

Ó ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó fi “ìwọ” lé mi sẹ́yìn lójú gbogbo ayé, tó sì dàgbà tó láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò yín ni mí.”

Ilé oúnjẹ kan la jókòó sí tó fi ṣàlàyé. Àwọn tó máa ń ràn án lọ́wọ́ kó lè máa rìnrìn àjò lọ sí ìdíje ti fi í sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fídíò gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n ní kí òun lọ wá àwọn tó máa tẹ̀ lé òun náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun tó padà wá. Ó ń fi ìka yí ife omi rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbá bọ́ọ̀lù síwájú kámẹ́rà, mo dúró gbagidi bí òpó. Mo ní kí n bi yín bóyá ẹ lè gbà mí láàyè kí a jọ ṣe é.”

Mi ò lè sọ pé rárá. Ìyàwó mi ti gún iyán sílẹ̀ kí a tó dé Bantè.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a lọ sí oko kajú. Bàbá mi náà bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ wo àlejò. Ọkùnrin náà mú bọ́ọ̀lù kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó na ọ̀pá. A kò gbọ́ ju ìró kékeré kan lọ. Bọ́ọ̀lù náà gòkè kọjá orí gbogbo igi kajú, ó lọ, ó lọ, a kò mọ ibi tó balẹ̀ sí. Ìyàwó mi gbé fóònù lọ́wọ́, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin náà tún gbá òmíràn, ọ̀nà kan náà ló gbà.

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Ó rọra mi orí, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó kọrí sílé. Gbogbo ohun tí àwọn sẹ́míjàn ti fojú mi rí, kò tó ìyẹn.

A gbé fídíò náà jáde. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àwọn díẹ̀ tó kọ̀wé sí i, wọ́n ń béèrè ibi tí onígbá-àgbákùnà wà. Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, torí mi ò gbá bọ́ọ̀lù kan dáadáa rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti rọ̀, a tún padà lọ. Ọkùnrin náà gun orí ebè iṣu kan kó lè rí iwájú dáadáa. Ó na ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fi ìdí yọ̀ wálẹ̀, ó wọ inú poro tó kún fún omi ẹrẹ̀, àpò rẹ̀ ṣubú lé e, àwọn ọ̀pá tú ká. Kí ìyàwó mi tó mọ ohun tó ń ṣe, ohùn rẹ̀ ti jáde:

“Páàpù! Àgbà ti balẹ̀! Bọ́ọ̀lù ṣì ń bẹ lórí ebè o, ẹni tó gbá a ló wọ ihò!”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ má bínú, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.” Mo sáré lọ fà á dìde. Ṣùgbọ́n ohun kan dùn mọ́ mi nínú nígbà náà, ó dùn bí oyin, mo sì mọ̀ pé ìṣubú rẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọkùnrin náà nu ojú, ó ní kí a fi fídíò náà han òun. Ó wò ó, ó tún un wò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ẹ gbé e jáde.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára.”

“Mo gbá a dáadáa fún wọn, wọn ò wò ó. Ẹ gbé e jáde.”

Ìyàwó mi ń wo ojú mi. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Bí iná inú ọyẹ́ ló ṣe ràn. Alájì pè láti Savalou, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà di ọ̀pọ̀, ó sì padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Ìgbà tó tún pè wá, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Àwọn alákòóso ìdíje ti rí fídíò náà. Ẹ̀wù tó ní àmì wọn ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó ya àwòrán. Wọ́n ní ó tàbùkù eré náà. Wọ́n ti gba àyè rẹ̀ nínú ìdíje tó ń bọ̀.

Ìyàwó mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. “Àwọn tó fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà fún gbogbo ayé, àwọn ló ń sọ pé ẹ̀yin tàbùkù eré?”

Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀sín tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣe kò burú lójú wọn. Èyí tí àwa bá ṣe fúnra wa ni wọn ò fẹ́.”

A pa fídíò náà rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò ràn án lọ́wọ́, àwọn ẹlòmíràn ti gbà á pamọ́, wọ́n ń pín in kiri. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, n kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù kan lọ tààrà.

Ó kọ́ àwọn ọmọ olówó ní gọ́ọ̀fù fún sáà kan, ó bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alákòóso, wọ́n sì gbà á padà nígbà tó yá. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní mo gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo dúró láàárín àwọn èrò, mo fa fìlà bo ojú. Ó ń gbá a dáadáa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù kan wọ ihò, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo sí i pé kó ṣọ́ra fún ẹrẹ̀ o, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde. Ó dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbá a wọlé.

Ìgbà tó gbójú sókè ni ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó rìn sún mọ́ okùn tí wọ́n fi dá àwọn èrò dúró.

“Àbúrò,” ó ní, “ìyàwó ńkọ́? Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Láti Bantè ni mo ti to ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo sì fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó rọra tẹ ọwọ́ lé èjìká mi, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ihò tó kàn.

Mi ò dúró kí wọ́n parí. Mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Savalou. Ìyá kan tó jókòó tì mí bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan ni.